Láti Iléṣà dé Ìdànrè: Ọ̀nà òkè tí àwọn ọmọ wa kò mọ̀ mọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrìn jìnnà ni í jẹ́ kí ènìyàn rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè òkun nìkan ni abuké ọ̀kẹ́rẹ́ wà. Bí àwọn ọmọ iléèwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ lẹ́yìn oṣù Keje, ọ̀pọ̀ òbí tó rí jájẹ ni í máa sáré físà kiri. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan wà nílé tí mọ́tò lè fi ọjọ́ mẹ́ta tọ̀, tí ojú kò sì ní í kúrò lára òkè àti igbó tútù. Ọ̀nà náà ni èyí tó ti Iléṣà gba Èkìtì kọjá, tó sì parí sí Ìdànrè.

Ìlú àwọn òṣómàáló ni Iléṣà, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni Erin-Ìjẹ̀ṣà wà, níbi tí omi Olúmirin ti ń já bọ́ lórí àpáta ní ìpele méje. Ọmọdé lè dé ìpele àkọ́kọ́. Àwọn tó kù di ọ̀rọ̀ eegun líle. Òjò ló ń fún omi náà lágbára, òjò yìí kan náà ló sì ń mú kí àpáta máa yọ̀. Ẹni tó bá mú ọmọ lọ, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Òkè yí ìlú náà ká bí ọgbà. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ kì í sáré sọ̀ níbẹ̀. Jíà kékeré ni í fi í sọ̀ kalẹ̀, kí bíréèkì má baà gbóná jù. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sin Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí lọ́dún 1959. Iṣẹ́ ọ̀nà ni ọkùnrin náà ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ló ń wà lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ní Ìkẹjì-Arákẹjì, lọ́dún 1928, nígbà tó ní òun gbọ́ ìpè Ọlọ́run.

Bí ènìyàn bá dé Arámọ̀kọ, kí ó yà sí Ìkọ́gòsì. Omi gbígbóná àti omi tútù ń sun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n wá pàdé, wọ́n jọ ń ṣàn lọ. Ẹni tó bá ti ẹsẹ̀ kan bọ ọ̀kan, tó ti èkejì bọ èkejì, yóò mọ ìyàtọ̀. Ẹnikẹ́ni kò dáná sábẹ́ rẹ̀. Omi tó wọlẹ̀ jìnnà, tí ooru inú ilẹ̀ mú gbóná, ló ń padà jáde.

Lẹ́yìn Adó, Ìkẹ́rẹ́ ló kàn, níbi tí òkè Òrólè àti Olóṣùnta ti ń wo ìlú. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n, tó sì gbé ní Ìsẹ̀, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn kan sí ààfin Ògògà níbẹ̀. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924. Ó wu àwọn òyìnbó, wọ́n gbà á, wọ́n sì fi àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ wọn dípò rẹ̀ fún Ògògà. Ọ̀dọ̀ wọn ló wà títí di òní.

Láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè, ìlú kòkó, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 24 lọ. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni a ó gùn kí á tó dé ìlú àtijọ́ lórí òkè, ṣùgbọ́n ibi ìsinmi wà lọ́nà. Ààfin Ọwá àtijọ́, ilé ẹjọ́ àti iléèwé ṣì wà níbẹ̀. Nígbà ìjọba òyìnbó ni àwọn ará ìlú sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí wọ́n wà báyìí. Lọ́dún 2007, orúkọ òkè náà wọ ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ilé amọ̀ tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀, òjò kì í dá a sí, àwọn tí òbí wọn bí sórí òkè náà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rù ajínigbé ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró nílé, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe lásán. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní apá Ìkọ̀lé, ní Èkìtì. Nítorí náà, ojú ọ̀sán ni kí á rìn, kí á sì bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí ní gáréèjì kí á tó ṣí. Bí àlejò kò bá wá mọ́, ìyá tó ń ta àgbàdo sísun lẹ́bàá títì yóò pàdánù, ẹni tó ń mú àlejò gòkè náà yóò pàdánù, ìtàn yóò sì kú.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bàbá tàbí ìyá tí orúnkún rẹ̀ kò lè gbé àtẹ̀gùn mọ́, kí ó jókòó sísàlẹ̀ òkè, kí ó sọ ohun tó mọ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ kí ọmọ náà tó gùn ún.