Ọjọ́ Abẹ́rẹ́ Ọmọ, Ọjọ́ Àyẹ̀wò Ìyá: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Abiyamọ Kútọ̀ àti Agbègbè Rẹ̀

  Ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí kan ìyá àgbà tí ó ń wẹ ìkókó bí ó ti kan ìyá ọmọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, bí ẹ bá yọjú sí ilé ìwòsàn wa, ẹ ó rí àwọn ìyá tí wọ́n tò sórí bẹ́ńṣì, tí wọ́n ti fi ìpara pa ọmọ títí ara rẹ̀ fi ń dán, tí wọ́n sì ti dé e ní fìlà; a ó gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, a ó kọ kílò rẹ̀ sí káàdì, a ó gún un ní abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà, yóò ké, ìyá yóò fi ọmú sí i lẹ́nu, yóò pọ̀n ọ́n, yóò sì gba ọ̀nà ọjà lọ. Ìyá tí ó gbé e fún oṣù mẹ́sàn-án ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò wé róbà mọ́ ọn lápá láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀bi àwa òṣìṣẹ́ ìlera wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀jẹ̀ ríru tí oyún bá mú wá, òun àti ìkejì ọmọ ni yóò jọ jáde. Lára ẹlòmíràn ó máa ń rọlẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìkúnlẹ̀ gan-an ni ó sábà máa ń ga jù, nígbà tí ìyá ti délé, tí agbo ilé ń palẹ̀ ìsọmọlórúkọ mọ́, tí kò sí ẹni tí ó rántí nọ́ọ̀sì. Bí ó bá tilẹ̀ rọlẹ̀, obìnrin tí gìrì oyún mú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nínú oyún débi pé ìtọ̀ rẹ̀ yí padà, ewu àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ìtọ̀ súgà sì bá nínú oyún, ewu pé àtọ̀gbẹ yóò padà wá bá a tó ìlọ́po méje.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè. Ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ìdí-Abà nílùú wa níbí, Dókítà Okechukwu Ogah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 452 tí agbára ọkàn wọn ti dín kù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014. Nínú mẹ́wàá wọn, nǹkan bí mẹ́jọ ni ó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ba ọkàn wọn jẹ́. Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í máa gbà.

Ní ti oúnjẹ, a kò ní kí ìyá àgbà má ṣe ìkẹ́ ọlọ́mọ. Ogójì ọjọ́ tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ fún ìsinmi dára. Ohun tí ó ń pani lára ni pé ìkẹ́ ogójì ọjọ́ ti di ìṣe ọdún kan: ẹ̀kọ gbígbóná tí a da mílíìkì àti súgà sí láàárọ̀, mọ́ọ̀tì lọ́sàn-án, láfún òkìtì méjì lálẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí a wó magí mẹ́rin sí. Ẹ jẹ láfún yín, Ẹ̀gbá kì í kọ láfún. Ṣùgbọ́n ẹ dín in sí òkìtì kan, kí ewédú, ẹ̀wà àti ẹja pọ̀ sí i. Omi ni ẹ máa mu dípò mọ́ọ̀tì. Omi náà kò ní kí ọmú má sun. Iyọ̀ òòjọ́ kò gbọdọ̀ pé gíráàmù 5, èyí tí í ṣe ìwọ̀n ṣíbí tíì kan, ẹ sì ka magí àti káún tí a fi ń se ewédú mọ́ ọn. Ní Zaria, nígbà tí àwọn dókítà rí àwọn ìyá púpọ̀ tí ọkàn wọn rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀kọ oníkáún ogójì ọjọ́ wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, nítorí ó ń ran ara ìyá náà lọ́wọ́ lórí súgà. Bí ara bá ti gbà, kí ẹni tí ó ń jókòó sórí àpótí nídìí àtẹ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ dìde, kí ó fi ẹsẹ̀ yára rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìgbà márùn-ún lọ́sẹ̀. Èyí tí a bá rìn lọ sọ́jà dípò ọ̀kadà wọ inú ìṣirò. Ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí ó kọ́kọ́ bi wá.

Bí orí bá ń fọ́ yín gidigidi, tí ojú ń ṣú, tí ẹ kò lè mí bí ẹ bá dùbúlẹ̀ gbalaja, tàbí tí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun tí ojú ibẹ̀ sì wọnú láìpadà sípò, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ wá sí ilé ìwòsàn. Ọkàn lè rẹ̀ títí di oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìbímọ.

Nítorí náà, lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ na apá yín sí wa. Bí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ yín bá jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀, a ó tún un wọ̀n. Oògùn wà tí kò pa ọmọ ọmú lára. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ súgà nínú oyún, kí ó má jẹun wá, a ó fún un ní omi gúlúkóòsì mu, a ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ sọ fún olùfètò-sọ́mọ-bíbí pẹ̀lú pé ẹ̀jẹ̀ yín ru rí, nítorí kì í ṣe gbogbo oògùn oníhóró ni ó yẹ yín. Kí ẹ sì tó kúrò, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kọ iye ẹ̀jẹ̀ yín sí ẹ̀yìn káàdì ọmọ: tiyín lè sọnù, tọmọ kì í sọnù nílé abiyamọ.