Iṣẹ́ Ni Mo Wà Lórí Bẹ́ẹ̀dì Yẹn: Bí Ayé Páílọ́ọ̀tì Tuntun Ṣe Rí

Àbúrò mi kan l'Abẹ́òkúta pè mí lórí WhatsApp lóṣù tó kọjá. Aago méjì ọ̀sán ni ní Chicago níbi tí mo wà, aago mẹ́jọ alẹ́ sì ni lọ́dọ̀ tiẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ṣì ń ṣe iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì yẹn ṣá? Gbogbo ìgbà tí mo bá pè yín, orí bẹ́ẹ̀dì lẹ máa ń wà."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àbúrò, iṣẹ́ ni mo wà yìí." Kò gbà mí gbọ́. Ẹ̀yin náà lè má gbà. Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó láti ṣàlàyé.

Igbákejì kápítéènì ni mí, èmi ni mo máa ń jókòó sápá ọ̀tún. Ilé-iṣẹ́ bàálù kékeré kan l'Amẹ́ríkà ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi tiwa ló ń kó èrò láti àwọn ìlú kéékèèké wá sí pápákọ̀ òfurufú ńlá, lórúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá tó ta tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá ló wà lára bàálù, àmọ́ àwa la wà nínú ẹ̀. Èyí tí mò ń wà ni Embraer 175, èrò 76 ló ń gbà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ páílọ́ọ̀tì l'Amẹ́ríkà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n tó fún ẹ níjòókòó

Láti ọdún 2013, òfin Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó bá fẹ́ wa bàálù elérò báyìí ti wa bàálù fún wákàtí 1,500. Wọ́n dín in kù fún àwọn kan: ẹni tó gboyè nínú iṣẹ́ yìí ní yunifásítì lè wá pẹ̀lú 1,000, ẹni tó ti iṣẹ́ ológun wá sì lè wá pẹ̀lú 750. Èmi ò sí nínú méjèèjì. Kíkọ́ àwọn ẹlòmíì ni mo fi kó tèmi jọ, nínú Cessna 172, bàálù onìjókòó mẹ́rin, nínú ooru Texas. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Tí wọ́n bá wá gbà ẹ́ síṣẹ́, ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Òtẹ́ẹ̀lì la wà fún bí oṣù méjì. A kọ́kọ́ kọ́ òfin, lẹ́yìn náà a kọ́ bí iná, epo, atẹ́gùn àti ẹnjìnnì bàálù náà ṣe ń ṣiṣẹ́. A lẹ àwòrán gbogbo bọ́tìnnì inú kọ́kípíìtì mọ́ ògiri yàrá, a wá ń fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ fi mọ ọ̀nà fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá yọjú wò wá nígbà yẹn á rò pé orí wa ti dàrú.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan simulator. Yàrá kan ni, ó dúró lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́fà, ó ń mì, ó ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn bíi bàálù gan-an. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pa ẹnjìnnì kan mọ́ ẹ lọ́wọ́ nígbà tí bàálù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra nílẹ̀. Owó ńlá ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ yìí, nítorí náà tọ̀sán tòru ló ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago méjì òru ni wọ́n fún èmi àti alábàákẹ́kọ̀ọ́ mi. Inú oorun sì ni ọpọlọ ti máa ń to ohun tí a kọ́ lọ́sàn-án pamọ́ dáadáa. Ẹ wá wò ó: wọ́n ń kọ́ wa lóhun tó lè gba ẹ̀mí là, ní wákàtí tí ọpọlọ fẹ́ràn láti sùn jù.

Tí o bá yege, o máa wa bàálù tòun tèrò fún ó kéré tán wákàtí 25, kápítéènì tó jẹ́ olùkọ́ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Òfin tún ní kó o wa wákàtí 100 láàárín ọjọ́ 120, kí ohun tó o kọ́ lè wọ̀ ẹ́ lára. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kú oríire o, wọ́n á gbé ẹ sórí reserve.

Kí ló ń jẹ́ reserve?

Ẹ rántí agbábọ́ọ̀lù tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ti wọ jẹ́sì, ó ti wọ bàtà, àmọ́ kò mọ̀ bóyá ìṣẹ́jú karùn-ún ni wọ́n máa pè é àbí ìṣẹ́jú kọkàndínláàádọ́rùn-ún. Wọ́n sì lè má pè é rárá. Reserve nìyẹn. Páílọ́ọ̀tì kan ṣàìsàn, ìjì dá bàálù kan dúró, wákàtí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ kan pé: ẹni tó wà lórí reserve ni wọ́n máa pè.

Nínú iṣẹ́ wa, nọ́ńbà ni ọba. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ṣáájú ló ń kọ́kọ́ mú ọjọ́ àti ọ̀nà tó wù ú. Ohun tó bá ṣẹ́kù làwa ìkẹyìn ń gbà, ohun tó sì sábà máa ń ṣẹ́kù ni reserve. Oríṣi mẹ́ta ló wà:

Long call: o lè wà nílé ẹ. Wọ́n á fún ẹ ní wákàtí tó tó kó o tó dé, níbi púpọ̀ bíi 12.

Short call: o gbọ́dọ̀ wà nítòsí pápákọ̀. Tí fóònù bá dún, lọ́dọ̀ tiwa, wákàtí méjì lo ní. Òfin ò gbà kí àkókò ìdúró de fóònù yìí ju wákàtí 14 lọ lẹ́ẹ̀kan.

Èkẹta ni kó o jókòó sí pápákọ̀ gan-an nínú yúnífọ́ọ̀mù. Òfin ka ìyẹn sí iṣẹ́ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Wọ́n ń san owó fún wa o. Wákàtí bíi 75 lóṣù ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń ṣèlérí, bó o fò bó ò fò. Ohun tó ń jẹ ènìyàn níyà nínú reserve ni pé o ò mọ ìgbà tó yẹ kó o sùn.

Ilé lọ́tọ̀, iṣẹ́ lọ́tọ̀

Houston ni ìyàwó mi àti ọmọ wa ń gbé. Ibẹ̀ ni ìyá ìyàwó mi wà, ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, ibẹ̀ la ti ń rí ẹ̀fọ́ àti èlùbọ́ rà láìjìnnà. Chicago sì ni nọ́ńbà mi gbé mi lọ. Fífò láti Houston dé Chicago tó wákàtí méjì ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ páílọ́ọ̀tì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí owó oṣù ẹ̀ kéré, tí wọ́n sì lè gbé lọ sílùú mìíì lọ́dún tó ń bọ̀, kò ní máa kó ẹbí kiri.

A kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tí ìjókòó kan bá ṣófo, a ó gbà á. Tí kò bá sí, ìjókòó kékeré kan wà nínú kọ́kípíìtì lẹ́yìn àwọn páílọ́ọ̀tì, ẹnì kan lè jókòó síbẹ̀ tí kápítéènì bá gbà. Tí ẹlòmíì bá ti ṣáájú ẹ, o máa dúró de bàálù tó kàn.

Ní Chicago, inú crash pad ni mò ń sùn. Ilé kan ni nítòsí pápákọ̀, bẹ́ẹ̀dì alájà méjì ló kún inú ẹ̀, àwa mẹ́wàá la jọ háyà ẹ̀. Ẹnì kan ń jí ní aago mẹ́ta òru, ẹnì kan ń wọlé ní aago kan, ẹnì kan sì ń hanrun bíi ẹ̀rọ ìlọta. Orí bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ ni àbúrò mi ti rí mi.

Aago tó wà nínú ara

Nísàlẹ̀ ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé, sẹ́ẹ̀lì bíi 20,000 kóra jọ síbẹ̀. Suprachiasmatic nucleus ni wọ́n ń pè é. Aago ara wa nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú ló fi ń ṣètò ara ẹ̀, ó sì ń sọ fún gbogbo ara pé ilẹ̀ ti mọ́ tàbí ilẹ̀ ti ṣú. Lọ́dún 2017, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young gba ẹ̀bùn Nobel torí wọ́n fi eṣinṣin kékeré tó ń bà lé èso ṣàwárí bí aago yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì.

Aago yìí kì í gbọ́ àṣẹ. Tí wọ́n bá fún mi ní àkókò ìdúró tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta òru lọ́sẹ̀ yìí, tó bẹ̀rẹ̀ ní aago kan ọ̀sán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò lè bá mi sáré bẹ́ẹ̀. Láàárín aago méjì sí aago mẹ́fà òru ni agbára ọpọlọ máa ń lọ sílẹ̀ jù. Òfin àwọn páílọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà gan-an kọ wákàtí yẹn sílẹ̀.

Ohun kejì ni gbèsè oorun. Bí a bá ṣe ń pẹ́ lójúfò tó, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ adenosine ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ. Òun ló ń jẹ́ kí ojú máa wúwo. Kọfí kì í san gbèsè yẹn, ó kàn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olówó síta ni. Tí agbára kọfí bá lọ, olówó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe TDB lásìkò ìdánwò, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1997 fi hàn pé ẹni tó ti wà lójúfò fún wákàtí 17 ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti tó ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò mu ọtí, ẹnu ẹ̀ ò rùn, kò sì ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ìyẹn ló ṣe léwu: òun fúnra ẹ̀ á rò pé kò sóhun tó ṣe òun.

Alẹ́ ọjọ́ kan ní Buffalo

Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2009, bàálù Colgan Air 3407 gbéra ní Newark, ó ń lọ sí Buffalo. Ilé-iṣẹ́ kékeré bíi tiwa ni. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n balẹ̀, eré bàálù náà lọ sílẹ̀ jù, ọ̀pá ìdarí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láti kìlọ̀. Dípò kí kápítéènì tì í síwájú, ńṣe ló fà á sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ ò lè gbé ìyẹ́ bàálù dúró mọ́. Gbogbo ènìyàn 49 tó wà nínú ẹ̀ kú, pẹ̀lú ẹnì kan nínú ilé tí bàálù náà já lé lórí.

Àwọn olùwádìí rí i pé inú yàrá àwọn òṣìṣẹ́ ní pápákọ̀ Newark ni kápítéènì sùn lóru tó ṣáájú. Igbákejì ẹ̀, ọmọ ọdún 24, wọ bàálù ẹrù láti Seattle gba Memphis wá síbi iṣẹ́ ní gbogbo òru. Wọ́n sọ pé ó jọ pé àárẹ̀ ti mú àwọn méjèèjì, àmọ́ kò sí bí wọ́n ṣe lè wọn bó ṣe dá kún un tó.

Àwọn ẹbí àwọn tó kú ò dákẹ́. Wọ́n lọ bá àwọn aṣòfin títí òfin tuntun fi jáde lọ́dún 2010. Ibẹ̀ ni wákàtí 1,500 ti wá. Ibẹ̀ náà ni òfin ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 2014 ti wá: wákàtí 10 fún ìsinmi kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí àǹfààní wà láti sùn fún 8 nínú ẹ̀. Kí gbogbo fífò kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, páílọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan tún gbọ́dọ̀ fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ara òun le.

Àmọ́ òfin yẹn ò sọ ibi tó yẹ kó o ti lo wákàtí 10 náà.

Òru tó kàn mí

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ reserve, àkókò ìdúró mi máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí. Ọmọ mi, Ìrètí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Mo fẹ́ rí i síwájú sí i. Mo ní bàálù ìrọ̀lẹ́ ni màá wọ̀. Òjò àti àrá dé sí Chicago, bàálù ò gbéra ní Houston títí aago mẹ́wàá fi lé. Aago méjì òru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kí n tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Fóònù dún ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ìrìn mẹ́ta, kí n wá.

Lójú òfin, mo ti sinmi. Wọn ò gbéṣẹ́ fún mi láti ọjọ́ mẹ́rin. Ojú mi ló mọ òótọ́.

Ọdún àkọ́kọ́ ni mo wà, ọdún tí wọ́n lè dá ènìyàn dúró láìrojọ́. Mo tiẹ̀ ti wọ ṣòkòtò yúnífọ́ọ̀mù. Mo wá fẹ́ ka nọ́ńbà bàálù tí wọ́n fi ránṣẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, nọ́ńbà mẹ́rin péré, kò dúró lórí mi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo pè wọ́n padà, mo ní, "Ó ti rẹ̀ mí. Mi ò lè wa bàálù."

Wọ́n yọ owó ọjọ́ yẹn. Mo kọ àlàyé. Ọ̀gá àwọn páílọ́ọ̀tì pè mí, kò pariwo, ìbéèrè kan ló bi mí: "Kí ló dé tí o ò wá lánàá?" Mi ò rí èsì fún un. Òfin lè fún mi ní wákàtí 10, ilé-iṣẹ́ ò sì lè pè mí nínú ẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè bá mi sùn ún.

Láti ìgbà yẹn, ọjọ́ kan ṣáájú ni mò ń lọ. Nínú ọjọ́ 12 tí mo ní láti fi sinmi lóṣù, mẹ́ta ti bọ́ sọ́nà Chicago. Ìyàwó mi máa ń ní, "Dádì Ìrètí, ẹ tún ti ń lọ?" Mi ò ní èsì tó dùn fún òun náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn 76 tó jókòó sẹ́yìn mi ò lè béèrè bóyá mo sùn lánàá. Èmi nìkan ni mo lè sọ ọ́.

Nítorí náà, àbúrò mi, tó o bá tún pè, tó o rí mi lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago méjì ọ̀sán, bóyá aago mẹ́ta òru ni mo ti ń dúró de fóònù. Jọ̀ọ́, kí mi, kó o wá jẹ́ kí n sùn. Iṣẹ́ ni mo wà.