ÌGBÍN LÈ PA ẸJA ÒKUN INÚ ILÉ! Ọgbọ́n olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń ṣọ́ omi iyọ̀ inú gíláàsì

Ẹni tó ń sin ẹja òkun nínú àpótí onígíláàsì kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn gbádùn. Omi òkun pọ̀ jọjọ, kì í yí padà bọ̀rọ̀, ẹja inú ẹ̀ ò sì mọ ìyípadà òjijì lára. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá bu lítà 100 péré sínú gíláàsì, nǹkan kékeré ló ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti fẹ́ràn eré yìí, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ omi wà lọ́jà, àmọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là ni wọ́n ń tà á. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fọwọ́ ara wọn ṣe tiwọn nílé. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

OMI Ń GBẸ, IYỌ̀ Ò GBẸ

Iyọ̀ inú lítà omi òkun kan tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Omi yìí ń gbẹ lójoojúmọ́, iyọ̀ ò sì bá a lọ, bí ọbẹ̀ tó pẹ́ jù lórí iná ni. Bí lítà 10 bá gbẹ nínú 100, iyọ̀ á ti fò dé nǹkan bíi 39. Omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa fi kún un, díẹ̀díẹ̀.

Ṣé ẹ mọ bọ́ọ̀lù inú táńkì omi orí ilé, tó máa ń ti ẹnu ẹ̀rọ pa tí omi bá kún? Ọgbọ́n yẹn náà ni. Wọ́n á fi fúlóòtì kékeré tó ní suwíìṣì sínú àpótí. Bí omi bá lọ sílẹ̀, fúlóòtì á bá a lọ sílẹ̀, pọ́ǹpù á sì fa omi wá látinú garawa. Bí omi bá pé, ó parí.

Àbí ó parí lóòótọ́? Ìgbín òkun ń gbé inú àpótí yìí náà. Ó lè gun fúlóòtì lóru, kó jókòó lé e lórí. Pọ́ǹpù ò lójú, yóò máa rò pé omi ò tíì pé, yóò sì máa dà á títí ilé á fi kún fún omi. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà! Wọ́n á fi fúlóòtì kejì sókè ti àkọ́kọ́, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti já pọ́ǹpù nígbà tí omi bá kan òun. Garawa náà ò gbọdọ̀ tóbi. Bó bá jẹ́ lítà 5, tó dà tán pátá, iyọ̀ á kàn wá sí nǹkan bíi 33. Ẹnu rọ́bà tó ń gbé omi wá ò sì gbọdọ̀ ri sínú omi àpótí, kí omi iyọ̀ má baà gba inú ẹ̀ padà lọ sí garawa.

HÍTÀ TÓ Ń SE ẸJA

Ìwọ̀n ooru tí wọ́n ń fẹ́ ò ju 25 sí 26 lọ. Hítà ní suwíìṣì nínú bíi ti áyọ́ọ̀nù. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń tàn tó ń kú, iná ń ṣẹ́ láàárín irin méjì. Lọ́jọ́ kan, irin méjèèjì lè lẹ̀ pọ̀. Kílẹ̀ tó mọ́, ẹja ti jinná.

Iyùn inú omi náà kì í ṣe òkúta o, ẹ̀dá abẹ̀mí ni, ìbátan èyí táwọn ọba wa ń fi sọ́rùn. Ohun tíntìntín kan ń gbé inú ara ẹ̀, tó ń bọ́ ọ. Bí ooru bá pọ̀ jù, wọ́n á fi í sílẹ̀, yóò sì funfun báláú. Irú ẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ káàkiri òkun àgbáyé ni àwọn onímọ̀ kéde ní oṣù kẹrin ọdún 2024.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní STC-1000, ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe é, kò wọ́n. Wọ́n á fi í sáàárín iná àti hítà, wọ́n á yí i sí 25.5, wọ́n á yí ti inú hítà fúnra ẹ̀ sí 27. Bí ọ̀kan bá lẹ̀, èkejì á já a. Dípò hítà wáàtì 100 kan, méjì oníwáàtì 50 ló dára, torí ọ̀kan ṣoṣo tó bá ya wèrè ò lè tètè se omi náà.

KỌ̀ǸPÚTÀ ỌMỌ ILÉ ÌWÉ

Lọ́dún 2012 ni Raspberry Pi jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní dọ́là 35, kí àwọn ọmọdé lè fi kọ́ kọ̀ǹpútà. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju káàdì báńkì lọ. Ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ reef-pi ti sọ ọ́ di olùṣọ́ ẹja. Ó ń wo ooru, ó ń tan iná, ó ń pa á, ó sì ń ránṣẹ́ bí nǹkan bá bàjẹ́.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: bí kọ̀ǹpútà yìí bá kú láàjìn, kí ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á ṣe? Ríléè tó ń gba àṣẹ ẹ̀ ní ẹnu méjì, ọ̀kan máa ń ṣí, èkejì máa ń tì, nígbà tí àṣẹ ò bá sí. Pọ́ǹpù tó ń ru omi, wọ́n á so ó kó máa ṣiṣẹ́ lọ, torí atẹ́gùn ẹja wà lọ́wọ́ ẹ̀. Hítà àti pọ́ǹpù garawa, wọ́n á so wọ́n kí wọ́n dákẹ́. Omi máa ń rọra tutù ni, olówó ẹja á ráyè jí. Ooru kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

IYỌ̀ ÀTI INÁ Ò RẸ́

Ẹ̀mí èèyàn ṣáájú ti ẹja. Ẹ jẹ́ kí wáyà kọ́kọ́ rọ̀ wálẹ̀ kó tó gòkè lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá tẹ̀ lé e lè kán sílẹ̀. Ẹ lo suwíìṣì tó ń já iná kíá nígbà tí iná bá ń jò. Fúlóòtì ò nílò ju fóólìtì 12 lọ, ṣùgbọ́n ti iná ilé, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kó pe oníná. Bàbà ò sì gbọdọ̀ kan omi, ó ń pa ìgbín, edé àti iyùn.

Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ò burú. Èyí tí wọn ò dán wò ló burú. Kí ẹ tó lọ sùn, ẹ fi ọwọ́ di fúlóòtì mọ́lẹ̀ bí ìgbín, ẹ yọ wáyà kọ̀ǹpútà, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọgbọ́n tiyín, ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ o. Ẹ kọ̀wé sí wa.