Ibo ni ọmọdé ti ń kọ́ láti fojú kan náà wo odidi ẹ̀yà?

Ọmọ oṣù mẹ́ta kò tíì lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti mọ irú ojú tó máa ń rí. Ní ọdún 2006, Yair Bar-Haim àti àwọn onímọ̀ mìíràn gbé àwòrán ojú aláwọ̀ funfun àti ti aláwọ̀ dúdú síwájú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun ní Ísírẹ́lì tẹjú mọ́ ojú funfun jù. Àwọn tó wà ní Etiópíà tẹjú mọ́ ojú dúdú. Àmọ́ àwọn ọmọ Etiópíà tí òbí wọn ti ṣí lọ sí Ísírẹ́lì, tí wọ́n ń rí dúdú àti funfun lójoojúmọ́, bákan náà ni wọ́n ṣe wo méjèèjì.

Kò tíì sí ìkórìíra nínú ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwa àgbà ló ń gbé e wọlé, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀.

Ní ọdún 2012, Marjorie Rhodes àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n hùmọ̀ àwọn ènìyàn tí kò sí níbì kankan láyé, wọ́n sọ wọ́n ní Zarpie, wọ́n sì yà wọ́n sínú ìwé ọmọdé: ọkùnrin, obìnrin, àgbà, èwe, dúdú, funfun, kí ó má baà sí àmì tí ojú lè fi dá wọn mọ̀. Wọ́n kà á fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin. Àwọn kan gbọ́ pé ẹ̀rù kòkòrò ń ba Zarpie yìí. Àwọn mìíràn gbọ́ pé ẹ̀rù kòkòrò máa ń ba àwọn Zarpie. Ìyàtọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, àwọn tó gbọ́ ti ìkejì ló túbọ̀ gbà pé àbímọ́ ni ìwà Zarpie, pé bí ẹlòmíràn tilẹ̀ tọ́ ọmọ wọn dàgbà, ìwà Zarpie náà ni yóò hù. Ó wá kan àwọn òbí. Òbí tí wọ́n ti kọ́kọ́ mú gbà pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni Zarpie, nígbà tó ń bá ọmọ rẹ̀ wo ìwé náà, “àwọn Zarpie máa ń” ló pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ tiwa nídìí oúnjẹ alẹ́: Ìjẹ̀bú láhun, Ìgbò fẹ́ràn owó, Hausa ò gbọ́n. Ẹni tó ń sọ ọ́ lè ní Ìgbò lọ́rẹ̀ẹ́. Ẹ̀fẹ̀ ni lójú tirẹ̀. Ọmọ tó jókòó tì í kò mọ̀ ọ́n sí ẹ̀fẹ̀. Bí ọmọ náà bá sì pàdé Ìjẹ̀bú tó lawọ́ lọ́la, yóò ní èyí kò jọ tiwọn ni, ohun tó gbọ́ nílé kò ní yẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn náà ń sọ fún ọmọ tiwọn pé ojo ni Yorùbá, pé àríyá nìkan la mọ̀, ó sì máa ń dùn wá dọ́kàn.

Ẹ̀yin òbí, bí oníṣòwò kan bá rẹ́ yín jẹ lọ́jà, ẹ sọ fún ọmọ pé oníṣòwò yẹn ló rẹ́ yín jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ ìlú rẹ̀.