Can Batlló: Ilé Iṣẹ́ Aṣọ Tí Aráàdúgbò Gbà ní Barcelona

Ìwé ètò ìlú Barcelona tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1976 sọ ọ́ gbangba pé ilẹ̀ Can Batlló, ilé iṣẹ́ aṣọ kan tó ti kógbá sílé, yóò di ọgbà ìgbafẹ́ àti ilé ìlò fún aráàlú. Ọgbọ̀n ọdún ó lé, ìwé nìkan ni aráàlú rí. Nígbà tó di 2009, àwọn ará àdúgbò La Bordeta dá ọjọ́ fún ìjọba: bí nǹkan kan kò bá yí padà títí di ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2011, àwọn á wọlé fúnra àwọn. Wọ́n pe ìpolongo náà ní Tic Tac Can Batlló, ìró aago tó ń lọ.

Nǹkan bí ọdún 1880 ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ náà ní agbègbè Sants, lásìkò tí òwú àti aṣọ ń sọ Barcelona di ọlọ́rọ̀. Iṣẹ́ aṣọ dáwọ́ dúró níbẹ̀ lọ́dún 1964, àwọn onílé sì pín gbọ̀ngàn inú rẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kéékèèké. Nígbà náà, ògiri ṣì yí gbogbo rẹ̀ ká. Ẹni tó bá fẹ́ lọ láti ìhà kan sí ìkejì, àfi kó rìn yípo. Kí ló dé tí ètò 1976 kò ṣẹ? Ilẹ̀ aládàáni ni. Àdéhùn tí wọ́n ṣe nígbẹ̀yìn ni pé àwọn onílẹ̀ yóò kọ́ ilé títà sí apá kan, wọn yóò sì yọ̀ǹda ìyókù fún ìlú. Lọ́dún 2008 ni ọjà ilé dojú dé ní Sípéènì. Ta ni yóò máa kọ́ ilé tí kò sẹ́ni tí yóò rà á? Gbogbo nǹkan dúró gbagidi.

Ọjọ́ tí aráàdúgbò dá bọ́ sí àsìkò tó dáa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, àwọn afẹ̀hónúhàn kún gbàgede káàkiri Sípéènì, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ti ń darí Barcelona láti 1979 sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìdìbò. Lójú tèmi, ìjọba tó ń palẹ̀ mọ́ kò ní fẹ́ kí ọlọ́pàá máa wọ́ àgbàlagbà nílẹ̀ lójú kámẹ́rà. Kí ọjọ́ náà tó pé, ìjọba yọ̀ǹda ilé kan nínú ọgbà náà, Bloc 11.

Aráàdúgbò fọwọ́ ara wọn tún un ṣe. Wọ́n kó pàǹtí, wọ́n rẹ́ ògiri, wọ́n ṣe ilé ìkàwé, ilé ọtí, gbọ̀ngàn eré, àti ògiri tí àwọn ọ̀dọ́ ń pọ́n fún eré ìdárayá. Ìpàdé gbogbogbòò ló ń pinnu ohun gbogbo. (Ẹni tó bá ti jókòó sí ìpàdé àwọn onílé ládùúgbò rí á mọ̀ pé sùúrù nìyẹn gbà.)

Ṣùgbọ́n ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ kò tíì gba ìwé. Ìjọba tó fi ẹnu yọ̀ǹda lè fi ẹnu gbà á padà. Nítorí náà ni mo ṣe ka ọdún 2019 sí ju 2011 lọ: ọdún náà ni ìjọba ìlú bá wọn ṣe àdéhùn pé kí wọ́n lo ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n lè sún títí dé àádọ́ta.

Ewu mìíràn wà tó ti pa irú iṣẹ́ yìí níbòmíràn. Bí ilé iṣẹ́ àtijọ́ bá ti dùn ún wò tán, ilé á gbówó lórí, àwọn tó tún un ṣe gan-an á sì kó kúrò ládùúgbò. Ìdáhùn wọn sí èyí ni La Borda, ilé ìdílé 28 tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan kọ́ sí ilẹ̀ Can Batlló, tó parí lọ́dún 2018. Igi ni wọ́n fi gbé àwọn àjà òkè rẹ̀ ró, ibi ìfọṣọ àti yàrá àlejò jẹ́ ti gbogbo wọn, wọn kò sì gbẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí sábẹ́ ilẹ̀, kí owó má baà wọ́n. Ẹgbẹ́ ló ni ilé. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ń san owó oṣooṣù, kò sì lè tà á. Ìlú ló ṣì ni ilẹ̀: ọdún 75 ni wọ́n fi yá wọn.