Jákẹ́ẹ̀tì Awọ tí Ogun Rán

Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó lé ọkàdà kúrò ní Kòṣófẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, jákẹ́ẹ̀tì awọ fẹ́rẹ̀ẹ́ di aṣọ iṣẹ́ fún àwọn ọlọ́kadà Kétu àti Máìlì 12. Atẹ́gùn ìdájí kò ṣeé fi àyà lásán gbà. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi kúrò ní Agboyi kí ilẹ̀ tó mọ́, pàápàá nígbà ọyẹ́, mọ̀ pé òtútù orí omi kì í ṣe eré. Òkìríkà ni ọ̀pọ̀ jákẹ́ẹ̀tì náà. Òmíràn kì í tilẹ̀ ṣe awọ, rọ́bà tí wọ́n kùn ni. Oòrùn Èkó kì í pẹ́ bó o bí èèpo igi.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe rán an, ṣá o. Kọ́là rẹ̀ ní bọ́tìnnì tó ń dì í mọ́lẹ̀, síìpù rẹ̀ lọ láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn, òwú híhun fún un ní ọrùn ọwọ́ àti ní ìbàdí, àpò méjì sì wà níwájú tó jẹ́ pé òkè nìkan ni wọ́n ti ń ṣí i. Àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ló fọwọ́ sí irú aṣọ yìí ní oṣù Karùn-ún ọdún 1931, tí wọ́n sọ ọ́ ní A-2. Awọ ẹṣin ni wọ́n fi rán ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n sì máa ń sọ nípa àpò rẹ̀ ni pé ológun ò gbọdọ̀ máa ki ọwọ́ bọ àpò kiri. Ìjọba ló ń gbé kọ́ńtíráàtì rẹ̀ síta, àwọn ilé iṣẹ́ bíi Rough Wear àti Dubow sì ń rán an. Oníkálukú ń gán lébẹ́ẹ̀lì kékeré kan mọ́ abẹ́ kọ́là, tí nọ́ńbà kọ́ńtíráàtì wà lára rẹ̀. Ẹ fi lébẹ́ẹ̀lì yẹn sọ́kàn. Ní ọdún 1943, Ogun Àgbáyé Kejì ṣì gbóná, wọ́n ṣíwọ́ rírà á, wọ́n yà sí jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi aṣọ lásán rán.

Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Leslie Irvin, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe páráṣúùtù, dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Letchworth ní England ní ọdún 1926, ibẹ̀ ni jákẹ́ẹ̀tì Irvin ti jáde: awọ àgùntàn, irun rẹ̀ sì kọjú sínú. Bàálù ajubọ́ǹbù ìgbà náà kò dí pinpin bíi ti òde òní. Bó bá gòkè tó 20,000 ẹsẹ̀ bàtà, òtútù lè dé ìwọ̀n 40 lábẹ́ òdo. Nínú Lancaster, ọ̀kan nínú àwọn bàálù ajubọ́ǹbù náà, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ̀rọ amúlémóoru ti ń tú ooru jáde ni aṣiṣẹ́ rédíò ń jókòó sí, yìnbọnyìnbọn sì wà ní ìrù ọkọ̀ lóun nìkan. Ọ̀kan ń làágùn, èkejì ń gbọ̀n. Nítorí náà ni wọ́n ṣe wá ń fún àwọn yìnbọnyìnbọn ní aṣọ tí wáyà iná wà nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa wà nínú àwọn bàálù wọ̀nyí. Títí di oṣù Kẹwàá ọdún 1939, ẹni tí kì í ṣe ìran òyìnbó pọ́ńbélé kò lè di ọ̀gá nínú RAF, iléeṣẹ́ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì. Ogun ló tú òfin náà. Láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, bí 50 ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n gbà láti fò. Peter Adéníyì Thomas, ọmọ oníṣòwò ńlá kan l'Ékòó, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí RAF sọ di ọ̀gá ológun, ní ọdún 1942. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Stella Thomas, obìnrin àkọ́kọ́ tó di adájọ́ májísíréètì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Peter kú nínú ìjàǹbá bàálù ní oṣù Kìíní ọdún 1945, oṣù díẹ̀ péré kí ogun tó parí. Bánkọ́lé Vivour ti ṣíwájú rẹ̀ lọ. Òun wà lára àwọn tó lọ ju bọ́ǹbù sí Nuremberg ní òru tó mọ́jú ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1944, tí bàálù 95 kò padà wálé.

Akin Shenbanjo ní tirẹ̀ yè é. Aṣiṣẹ́ rédíò ni nínú ọkọ̀ Halifax ti ẹgbẹ́ 76, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ DFC. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sọ bàálù wọn ní "Achtung! The Black Prince". Ẹ fojú inú wò ó: èdè Jámánì ni wọ́n fi kìlọ̀ fún Jámánì pé ọmọ ọba aláwọ̀ dúdú ń bọ̀ lókè.

Lẹ́yìn ogun, sinimá ló gbé jákẹ́ẹ̀tì náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò wọ bàálù rí. Steve McQueen wọ A-2 nínú The Great Escape ní ọdún 1963. Top Gun ti ọdún 1986 ní tirẹ̀ gbé G-1 sókè, èyí tí í ṣe ti àwọn ọmọ ogun ojú omi, awọ ewúrẹ́ sì ni. Ní ọdún 1988, ìjọba Amẹ́ríkà dá A-2 padà fún àwọn awabàálù rẹ̀, awọ ewúrẹ́ ni wọ́n sì fi rán an lọ́tẹ̀ yìí. (Awọ ewúrẹ́ pupa Ṣókótó ti gba aṣálẹ̀ kọjá sí Mòrókò fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí òyìnbó ń pè é ní awọ Mòrókò. Ẹni tó tà á kẹ́yìn ló gba orúkọ.)

Àwọn tó wá ń ṣe àwòṣe A-2 lónìí kì í ṣe oníṣẹ́ ayédèrú. Ilé iṣẹ́ bíi Eastman ní England, Aero Leather ní Scotland àti Buzz Rickson's ní Jàpáàn máa ń wá ògbólógbòó tó ti ojú ogun dé, kí wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe. Wọ́n á ka iye ojú abẹ́rẹ́, wọ́n á wá síìpù tó jọ ti ayé ìgbà náà, wọ́n á tẹ lébẹ́ẹ̀lì kọ́ńtíráàtì náà bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Oníbàárà lè ní Rough Wear ti ọdún 1942 lòun fẹ́, kì í ṣe Dubow. Èyí tó dára nínú wọn ń gba ju 1,000 dọ́là lọ. Wàyí o, àwọn kan tún ń san owó lé e kí wọ́n lè bá wọn mọ̀ọ́mọ̀ pọ́n ọn gbó, kó dà bíi pé ó ti rogun. Lójú tèmi, ìtàn ni wọ́n ń rà, awọ kàn bá a wá ni.

Ìdí nìyẹn tí àwòrán tí wọ́n ń kùn sẹ́yìn rẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Nígbà ogun, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà máa ń ya àwòrán bàálù wọn àti orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn A-2. Bàálù Memphis Belle wà lára èyí tí àwọn alàwòṣe òde òní ń yà jù. Ẹni tó bá fẹ́ Black Prince ti Shenbanjo, kò dìgbà tó bá ránṣẹ́ sí Jàpáàn. Àwọn tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ̀wé sẹ́yìn dánfó ní Kétu ti pẹ́ lẹ́nu irú iṣẹ́ yẹn, bó bá ti lè gbé awọ gidi wá.