Pòròpórò Tí À Ń Sun Nínà, Owó Ni

Ẹ̀yin ará wa, púpọ̀ nínú wa ló ń fowó ránṣẹ́ sílé kí wọ́n bá wa sin àgbò de Iléyá. Ẹ yẹ ìwé ìnáwó wọn wò dáadáa: oúnjẹ ló ń gbówó jù, pàápàá láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, tí koríko bá gbẹ tí ẹran sì ń rù. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń dáná sun pòròpórò àgbàdo lóko!

Lóòótọ́, pòròpórò gbígbẹ le, èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ó ní àtúnṣe. Kí wọ́n gé 100 kílò rẹ̀ wẹ́wẹ́, kí wọ́n po 4 kílò ajílẹ̀ yúríà mọ́ 50 lítà omi, kí wọ́n fi rin ín káàkiri, kí wọ́n sì fi ọ̀rá dì í pinpin fún ọ̀sẹ̀ 3. Yúríà yóò di amóníà, yóò mú un rọ̀, yóò sì bọ́ àwọn kòkòrò àìfojúrí inú àpòlúkù àgùntàn tó ń bá a lọ oúnjẹ. Èyí tó ṣì tutù kò nílò yúríà. Bí wọ́n bá kì í mọ́ inú àgbá láìsí afẹ́fẹ́, yóò kan fúnra rẹ̀ bí ògì.

Ẹni tó bá ń fojú díwọ̀n yúríà yóò pa ẹran ni o. Kí wọ́n fẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó fún ẹran jẹ, kí wọ́n má fún ọmọ àgùntàn kéékèèké, kí wọ́n sì da èyí tó bá bu nù.

Òun nìkan kò lè mú àgbò sanra; kí wọ́n fi èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ àti èérí kún un. Kí wọ́n máa wọn ẹran lóṣooṣù, kí wọ́n fi iye kílò ránṣẹ́ pẹ̀lú iye owó tí wọ́n ná.